Ọjọ́ Tí Kámẹ́rà Kúnlẹ̀

Kùrukùru bo Ìkọ̀lé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ọyẹ́, torí ọyẹ́ máa ń gbẹ ni, á máa la ètè ẹni. Òjò ló rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó dá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò rí igi máńgòrò tó wà níwájú ilé wa. Omi tó ń kán lára ewé rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lójú títì, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, mi ò rí orí ẹnì kankan nínú wọn. Mo ní sí ara mi pé, ojú ọjọ́ tí kámẹ́rà fi máa ń làágùn rèé. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ kámẹ́rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè wo ojú ọjọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń wò ó.

Inú kùrukùru yẹn ni Mojísọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ti yọ sí mi, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Fíìmù ni Mojí náà ń ṣe. Òun ló ń kọ ìtàn rẹ̀, òun ló ń yà á, òun náà ló ń gé e tó sì ń tò ó pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun ti rí ẹ̀rọ tó ń gbé ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà, pé kí n gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ jáde.

"Gbogbo wọn o, Ìyá Àgbà," ó ní. "Títí kan èyí tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe dé ọwọ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tó ń rò ó bóyá kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni wọ́n bí mi sí, nínú oko iṣu ni mo sì dàgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Olúwadáre ní Ìkọ̀lé. Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ lórí owó kò kàn mí, mi ò sì bèèrè. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni ọ̀gá ń yà kó lè jẹun, ṣùgbọ́n fíìmù ni ọkàn rẹ̀ wà. Gbogbo ohun tó bá rí níbi ìgbéyàwó, inú fíìmù ló ń rọ́ ọ sí.

Kámẹ́rà ọ̀gá mi! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya àwòrán, ẹ ò lè mọ̀. Èjìká ni a ń gbé e kà, ó gùn ní imú, kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sì tó búrẹ́dì kékeré kan. Ọjọ́ tí ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí n fi ojú sí ibi tí a ti ń wò ó, ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ọjà Ìkọ̀lé wà nínú ihò kékeré yẹn, ó di dúdú àti funfun bí àlá. Ìyá kan tó ń ta epo pupa wà níbẹ̀, epo rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Nígbà tí a délé tí ọ̀gá so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, epo ìyá yẹn tún pọ́n padà. Mo bi ọ̀gá pé níbo ni àwọ̀ yẹn sá pamọ́ sí láàárín ọjà sí ilé. Ọ̀gá wò mí, ó ní kí n lọ nu lẹ́ńsì.

Mo nu lẹ́ńsì pẹ́. Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé, mo ká wáyà, mo so iná mọ́ igi, mo di bátìrì mọ́ inú aṣọ kí ìrì má baà kàn án. Ọ̀gá kò jẹ́ kí n gbé kámẹ́rà. Iṣu ló gbé lé mi léjìká. Ó wá iṣu tó wúwo bíi kámẹ́rà gan-an, ó ní kí n máa gbé e rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ọjà, kí n má ṣe jẹ́ kó mì. Bí mo bá fẹ́ mí, kí n mí sínú ikùn. Àwọn ìyá tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà máa ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, o sá fún iṣu títí dé Ìkọ̀lé, iṣu tún wá gùn ọ́." Mo ń rẹ́rìn-ín, iṣu ń mì, ọ̀gá ń dá mi padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà yẹn ni funfun. Kí a tó ya ohunkóhun, ọ̀gá á ní, "Fún un ní funfun." A ó na aṣọ funfun síwájú kámẹ́rà, yóò wò ó dáadáa, a ó tẹ bọ́tìnì kan. Ọ̀gá ní kámẹ́rà kò mọ pupa, kò mọ aró, kò mọ ewé, àfi bí a bá kọ́kọ́ fi funfun hàn án níbi tó dúró sí gan-an, nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà. Láti ibẹ̀ ni yóò ti mọ gbogbo àwọ̀ yòókù. Mo ti ṣe é ju bí mo ṣe lè kà lọ, síbẹ̀ bí mo bá na aṣọ funfun síwájú kámẹ́rà, ó ṣì máa ń dà bíi pé mo ń la ojú ọmọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló fẹ́ lé mi nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ mọ ilẹ̀ wa. Ọmọbìnrin kì í rí àgbà kó dúró gbagidi. Ẹni tó bá sì gbé kámẹ́rà léjìká kò gbọdọ̀ mira. Lọ́jọ́ kan ní Ìdó, bàbá àgbà kan kọjá níwájú mi, mo di kámẹ́rà mú, mi ò kí i. Kí a tó palẹ̀ mọ́, bàbá ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ó ní irú ọmọ wo ló mú wọ ìlú àwọn, ọmọ tó ń fi ojú kan ṣoṣo wo àgbà, tó wá di ojú kejì. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ bàbá.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ṣe é lófin. Bí a bá dé ibi iṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ tán, àgbà dé orí ọmọ ọwọ́, kí n kúnlẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á ní, "Ó yá, wọ inú rẹ̀." Bí mo bá ti fi ojú sí kámẹ́rà, mo ti kúrò láyé nìyẹn, n kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́, ì bá à jẹ́ ọba. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí èmi náà kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ́ bẹ́ẹ̀.

Fíìmù tí ọ̀gá fẹ́ ṣe ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ìyá rẹ̀ ni. Ayégbajú ni ìyá náà ń gbé, Yèyé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọ̀gá gbé fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní Èkó lọ fi hàn án rí. Yèyé wò ó díẹ̀, ó dìde, ó ní òun ń lọ ro oúnjẹ. Ó ní àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú rédíò, pé kò sẹ́ni tó pe ulé ní ulé níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pe uṣu ní uṣu, bí a ṣe ń pe ilé àti iṣu nílẹ̀ wa. Ọ̀gá ṣèlérí fún un pé òun máa ṣe fíìmù kan tí wọ́n á ti máa sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Yèyé ní bó bá ṣe é, òun á jókòó wò ó dópin.

Ìtàn ọmọ kan tó fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá ni. Yèyé fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá ní kó ṣe ìyá ọmọ náà. Télọ̀ kan láti Ọyẹ́ ló ṣe ọmọ, Báyọ̀ ni orúkọ rẹ̀ nínú eré. A ti ya gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ibi tí ìyá àti ọmọ ti dágbére, ibẹ̀ nìkan ni Yèyé ti yọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Yèyé máa sọ kò gùn. Ó máa ní kí ọmọ máa lọ, pé ìgbà yòówù tó bá dé, òun wà nínú ulé. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo fíìmù náà dúró lé.

Ọ̀gá fẹ́ kí kùrukùru wà níbi ìdágbére náà. Nítorí náà a gun ọ̀kadà lọ sí Ayégbajú ní kùtùkùtù, kámẹ́rà wà láàyà mi bí ọmọ. Nígbà tí a dé, mo kí gbogbo àwọn tó wà lójúde yíká, mo fún kámẹ́rà ní funfun. Ọ̀gá ní, "Ó yá, wọ inú rẹ̀." Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó máa ká a, kí òun lè rí bí ẹnu ọ̀nà ṣe máa rí nínú kùrukùru. Òun dúró lọ́nà ọ̀hún, ó ń wo ojú ọ̀nà bóyá télọ̀ ń bọ̀.

Èmi kò tíì rí Yèyé rí, mi ò sì mọ̀ pé kò sí lára àwọn tí mo kí. Inú ilé ló wà. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà nínú dúdú àti funfun, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kan yọ láti inú òkùnkùn ibẹ̀, ó ń rìn bọ̀ tààrà, ó sì wò mí lójú. Orúnkún mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo rí i pé mo ti wà nílẹ̀, mo ti wí pé, "Ẹ káàárọ̀, mà," kámẹ́rà sì ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú mi.

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè sọ fún yín, ẹ̀rù ọ̀gá bà mí débi pé mi ò dìde, mi ò pa kámẹ́rà, mi ò gbọ́ nǹkan kan yé; bí mo bá dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹnu mi nìkan ló dáhùn. Ọ̀gá ló wá gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì pa á. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Kámẹ́rà-Kúnlẹ̀ káàkiri Ìkọ̀lé, àwọn kan kò tiẹ̀ mọ̀ pé Fúnmi ni orúkọ mi.

Télọ̀ dé. Yèyé ní òtútù ń mú òun, pé inú ilé ìdáná ni kí àwọn ti ṣe é, níbi tí òun ti ń se iṣu. Ọ̀gá lọ́ tìkọ̀. Òun ló kọ́ mi pé bí kámẹ́rà bá ti inú òtútù wọ inú ooru, kí a jẹ́ kó sinmi kí ara rẹ̀ mọ ibẹ̀, torí yóò làágùn nínú, téèpù yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Iná kékeré tó máa ń kìlọ̀ fún wa lára rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n Yèyé ti jókòó sídìí ààrò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe é kí iṣu tó jinná jù. Ọ̀gá mi tó le tó bẹ́ẹ̀, kò lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn. A wọlé, a bẹ̀rẹ̀.

Mo ti ya ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, mi ò rí irú rẹ̀ mọ́. Ìyá yẹn kò ṣe eré. Ó kàn wo ọmọkùnrin náà, ó sì jẹ́ kó lọ. Télọ̀ sunkún tí kò sí nínú eré. Nígbà tí ọ̀gá ṣí kámẹ́rà láti yọ kásẹ́ẹ̀tì, téèpù ń tẹ̀lé e jáde, ó lọ́ pọ̀ bí ìtàkùn iṣu, ó ti fún, ó ti ya. Kámẹ́rà ti jẹ ẹ́. Yèyé ló ní, "Kí ló dé? Ẹ ó padà wá. Ẹ jẹ́ kí uṣu tuntun ó dé, a ó tún un ṣe."

Kí iṣu tuntun tó dé, Yèyé ti kú.

Ọ̀gá gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó fi sẹ́lótéèpù so etí méjèèjì pọ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú láti fi sínú ẹ̀rọ mọ́, torí oríkèé yẹn yóò ba ẹ̀rọ jẹ́. Ó ní kò tiẹ̀ sí nǹkan nínú rẹ̀, àfi ilẹ̀ tí Fúnmi yà. Àwọn ènìyàn ní kó mú ìyá mìíràn ṣe é. Kò gbà. Fíìmù náà dúró síbẹ̀.

Èmi ń bá iṣẹ́ lọ. Mo gbòmìnira, mo lọ́kọ, mo bímọ, mo gbé kámẹ́rà pẹ̀lú oyún. Mo ṣiṣẹ́ fún gbogbo àwọn tó ń dá fíìmù ṣe ní agbègbè wa, láti Iye títí dé Ọyẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ju ìtàn kan àti ìgboyà lọ, kámẹ́rà mi ni wọ́n ń yá. Àwọn irinṣẹ́ sì ń kéré sí i níṣojú mi. Kásẹ́ẹ̀tì tó tó búrẹ́dì di èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Káàdì dé, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, ìgbéyàwó odindi sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú òjò tó pa wá. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò lè pa ọwọ́ mi dé.

Ojú ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí kò ríran mọ́ dáadáa, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún mi. Mo fi wọ́n sínú agolo bísíkíìtì ńlá, mo gbé e sórí àjà níbi tí ọ̀rinrin kì í dé.

Ọdún tí èmi náà gbé iṣẹ́ sílẹ̀ ni Mojí ra kámẹ́rà tó ń fò. Ó gbé mi lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ó rán an sókè, ó ní kí n máa wo ohun tó ń rí lójú ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ òun. Mo rí oko bàbá mi. Ebè iṣu tí mo ti fi ìbínú kọ nígbà èwe tò lọ salalu bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ sin, ó lẹ́wà débi pé mo jókòó sílẹ̀. Mo ti rìn láàárín wọn nígbà èwe, mi ò rí wọn rí títí di ọjọ́ náà.

Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ má bi mí bóyá ó lérè. Mo jẹun, àwọn ọmọ mi lọ iléèwé. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí nǹkan máa ń yà lẹ́nu, ẹ wá kọ́ ọ. Bí nǹkan kì í bá yà yín lẹ́nu, ó máa sú yín kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí àárọ̀ oníkùrukùru yẹn. Mo ní kí Mojí má tíì tú ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, kí ó gbé e kalẹ̀ nínú yàrá kí ara rẹ̀ mọ ilé ná. A jẹ ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ó fi súkúrúdíráfà kékeré ṣí kásẹ́ẹ̀tì náà. A rí oríkèé tí ọ̀gá so. Mojí gé e níbẹ̀, ó ní iwájú nìkan ni a máa wò, a ò nílò ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi yí téèpù padà, díẹ̀díẹ̀.

Mojí fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀nà Yèyé yọ lójú kọ̀ǹpútà, kùrukùru bò ó. Lẹ́yìn náà ilé ṣubú sókè, ilẹ̀ dé. Ẹsẹ̀ méjì wà lórí ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ ìka wọn yà, ẹrọ̀fọ̀ díẹ̀ wà lára wọn. Mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ni. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ohun tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí Mojí pa á, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ọ̀gá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kùrukùru ti ká, oòrùn sì ti yọ. Ó mọ ìrìn mi. "Kámẹ́rà-Kúnlẹ̀ ti dé," ó ní. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé a ti ṣí kásẹ́ẹ̀tì Ayégbajú. Mojí gbé kọ̀ǹpútà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ohùn ọ̀gá, ohùn ọkùnrin tí kò tíì darúgbó, láti ọ̀nà jíjìn: "Fúnmi, kámẹ́rà kì í kúnlẹ̀."

"Má bá a wí." Yèyé ni. "Kí ni wọ́n ń kì ọ́, ọmọ mi?"

"Àjíkẹ́, mà."

"Àjíkẹ́, dìde. Ulẹ̀ yìí tutù."

Ẹsẹ̀ méjèèjì yí padà lórí ilẹ̀, wọ́n kọjú sí ibi tí ọ̀gá wà. "Dáre, ọ̀rọ̀ tí o ní kí n wí yìí, ṣé báyìí ni?" Ó wá sọ ọ́, kò pe Báyọ̀ inú eré. "Dáre, máa lọ o. Ìgbà yòówù tí o bá dé, mo wà nínú ulé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé, ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ohùn ọkùnrin náà wí, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Ó tán.

Ọ̀gá kò mira. "Mi ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Télọ̀ ni mò ń wò lójú ọ̀nà." Ó ní kí Mojí tún un ṣe. Mojí tún un ṣe. Ó tún bi mí pé kí ni àwòrán rẹ̀.

"Ilẹ̀ ni, ọ̀gá. Ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ Yèyé."

"Ó tó," ó ní. "Fíìmù náà máa parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kúrú, ọ̀rọ̀ yẹn nílò ibi tó máa sinmi lé lẹ́yìn tó bá wí i tán." Ó na ọwọ́ títí ó fi kan èjìká mi, èjìká tó gbé iṣu lé. "Ẹ lọ ya ilẹ̀ náà sí i lọ́la. Kí o kúnlẹ̀ o. Kí kámẹ́rà kúnlẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èmi àti Mojí lọ sí Ayégbajú. Wọ́n ti fi páànù tuntun bo ilé Yèyé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àtijọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mo kí gbogbo àwọn tó ń gbé níbẹ̀ yíká, àgbà dé orí ọmọ ọwọ́. Mojí na aṣọ funfun, mo fi han kámẹ́rà. Mo wọ inú rẹ̀. Orúnkún mi kò yára mọ́, mo fi ọwọ́ kan di ògiri mú, mo sì kúnlẹ̀ síbi tí mo kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀ náà ṣì tutù.

"Ìyá Àgbà, ó ti ń ká a," Mojí sọ jẹ́jẹ́.

Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," mo sì jẹ́ kó máa ká a lọ.